Ẹ má tíì ju sẹ́ńsọ̀ kráńkì yẹn nù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn wa. Oníṣẹ́ iná ọkọ̀ ni mí. Ìdí wáyà ni mo ti dàgbà, òun náà ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ojú ìwé tí ẹ ti ń dá àwọn tó ní ọkọ̀ lóhùn ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, mo sì máa ń ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́. Ìdáhùn kan tó jáde níbẹ̀ láìpẹ́ yìí ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹnì kan kọ̀wé pé bí òun bá ti ń sáré díẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì á máa fò sókè sódò, ọkọ̀ á máa ta gìrì, nígbà míì á kú sábẹ́ òun. Síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá rí, gbé nọ́ńbà àṣìṣe P0336 jáde. Ẹni tó dá a lóhùn ní kó lọ ra sẹ́ńsọ̀ kráńkì tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ibi tí kráńkì, irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, dé, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Mi ò sọ pé sẹ́ńsọ̀ kì í bàjẹ́. Ó máa ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí síkánà gbé jáde yẹn ń sọ nǹkan míì, ó sì dùn mí pé wọn ò gbọ́ ohun tó ń sọ kí wọ́n tó ní kí ẹni ẹlẹ́ni lọ náwó. P0335 ló ń sọ pé sákíìtì sẹ́ńsọ̀, ọ̀nà tí iná rẹ̀ ń gbà, ní wàhálà: bóyá wáyà já, bóyá kọ́ìlì inú rẹ̀, ìyẹn wáyà wíwé, ti jó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ò gbọ́ ohunkóhun. P0336 ní tirẹ̀ ń sọ pé kọ̀ǹpútà ń gbọ́, àmọ́ ohun tó ń gbọ́ kò bá ìṣirò mu. Eyín tó kà lára wíìlì tó ń bá kráńkì yí ò pé, tàbí kó lé. Kọ̀ǹpútà tí eyín bá lé mọ́ lọ́wọ́ ti gbọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀. Ibi tí mo máa kọ́kọ́ wò ni ariwo iná, ìyẹn iná ibòmíì tó ń ta wọ inú wáyà sẹ́ńsọ̀, àti ọ̀nà tí ariwo náà gbà wọlé.

Sẹ́ńsọ̀ oníwáyà méjì ni mo ń bá wí ní pàtàkì, torí òun ni ariwo ń yọ lẹ́nu jù. Kì í gba iná láti ibikíbi. Òòfà kan wà nínú rẹ̀, irin kékeré kan wà níwájú òòfà náà, wọ́n sì wé wáyà tín-ín-rín mọ́ irin yẹn ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ẹ̀gbẹ́ wíìlì eléyín tó ń bá kráńkì yí ni wọ́n gbé e sí, àlàfo àárín wọn sì tó bíi mílímítà 1. Bí eyín kan bá ń bọ̀, agbára òòfà tó ń gba inú wáyà kọjá ń pọ̀ sí i, fólítì á gòkè. Bí eyín náà bá ń kọjá lọ, agbára ń dín kù, fólítì á já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òdo. Ní àkókò gan-an tí àárín eyín bá dojú kọ àárín sẹ́ńsọ̀, fólítì ń gba òdo kọjá. Òdo yẹn ni àmì tí kọ̀ǹpútà ń wá. Òun ló fi ń mọ ibi tí kráńkì dé, tó fi ń mọ ìgbà tó yẹ kó tan púlọ́ọ̀gì àti ìgbà tó yẹ kó tú epo.

Ọ̀pọ̀ wíìlì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n pín sí àyè eyín 60, tí wọ́n wá yọ eyín 2 kúrò, kí kọ̀ǹpútà lè fi ibi tó ṣófo mọ ìbẹ̀rẹ̀ ìyíká. Eyín kan sí èkejì jẹ́ dìgírì 6. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ohun tó mú kí sẹ́ńsọ̀ yìí ṣòro láti gbọ́ ni pé bí kráńkì bá ṣe ń yára sí ni fólítì rẹ̀ ń ga sí. Ká ní nígbà tí sítátà ń yí ẹ́ńjìnnì ní ìyíká 200 ní ìṣẹ́jú kan, ìdajì fólítì ló ń mú jáde. Tí ẹ́ńjìnnì náà bá dé 6000, ìyẹn ìlọ́po 30, fólítì á di bíi 15. Níbo la wá máa fi ààlà sí, tí a ó fi sọ pé ohun tó bá ré ibí kọjá ni eyín, ohun tí kò bá dé ibẹ̀ ni ariwo? Bí a bá fi í sí fólítì 1, ọkọ̀ ò ní ṣíná láéláé, torí pé ohùn sẹ́ńsọ̀ ò dé ibẹ̀ nígbà tí sítátà ń ṣiṣẹ́. Bí a bá fi í sí ìdá kan nínú mẹ́wàá fólítì, ọkọ̀ á ṣíná, ṣùgbọ́n bí eré bá ti dé, gbogbo pàtìpàtì tó bá fò wọlé ni kọ̀ǹpútà á máa kà mọ́ eyín.

Pàtìpàtì ọ̀hún ò sì kéré. Ẹ wo irú ibi tí sẹ́ńsọ̀ yìí ń gbé. Kọ́ìlì tó ń tan púlọ́ọ̀gì ń sọ fólítì 12 di 20,000 sókè, bí iná bá sì ti fò ní ẹnu púlọ́ọ̀gì, fólítì yẹn á ṣubú lójijì. Ohun tó bá yí padà kíákíá tó bẹ́ẹ̀ kò nílò kí wáyà kan wáyà kó tó ta sí i. Wáyà méjì tó bá kàn sún mọ́ra ti di kàpásítọ̀ kékeré, ohun tó ń jẹ́ kí iná tó bá ń yí padà ta kọjá láìfara kanra. Ká ní fólítì 10,000 ṣubú láàárín náánósẹ́kọ́ńdì 100 (náánósẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì), tí kàpásítọ̀ tó wà láàárín wáyà púlọ́ọ̀gì àti wáyà sẹ́ńsọ̀ kò sì ju píkófárádì 1 lọ, ìwọ̀n tó kéré gan-an, iná tó máa ta kọjá fún ìwọ̀nba àkókò yẹn jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ámpíà. Ìyẹn tó, ó ṣẹ́kù, láti da ohùn ìdajì fólítì rú. Alternator, ẹ̀rọ tó ń ṣe iná fún ọkọ̀, tí díódù rẹ̀ kan (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) ti kú ń dá kún un, rílè, ìyẹn súìṣì tí iná ń ṣí tó sì ń pa, tó bá ń já ń dá kún un, mọ́tò páǹpù epo náà ń dá kún un.

Àwọn tó ṣe sákíìtì tó ń gbọ́ sẹ́ńsọ̀ yìí mọ gbogbo èyí, iṣẹ́ ọgbọ́n ni wọ́n sì ṣe sí i. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́ iná mọ̀ ọ́n, torí pé àìmọ̀ rẹ̀ ló ń jẹ́ ká máa fi ọwọ́ ara wa tú u ká.

Wáyà méjèèjì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣètò. Wọ́n lọ́ wọn mọ́ra, wọ́n sì mú àwọn méjèèjì dé ẹnu kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni sákíìtì ti ń yọ ti ọ̀kan kúrò nínú ti èkejì. Òjò tó pa wáyà kìíní náà ló pa ìkejì. Ẹni tó bá ń wo ìyàtọ̀ àárín wọn nìkan kò ní rí òjò. Àmọ́ kí òjò lè pa wọ́n bákan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ àyè lemọ́lemọ́, kí ọ̀kan má lọ máa sún mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì ju èkejì lọ. Ìdí tí wọ́n fi lọ́ wọn nìyẹn. Alexander Graham Bell ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí wáyà lílọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1881, nítorí ariwo tó ń wọ inú wáyà tẹlifóònù. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, a ò tíì rí ohun tó rọrùn tó báyìí tó sì gbéṣẹ́ tó báyìí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ààlà tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kan. Otto Schmitt, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní 1934, tó ń ṣèwádìí bí iṣan ara ẹran omi tí wọ́n ń pè ní squid ṣe ń gbé ìròyìn, ló dá sákíìtì kan sílẹ̀ tó ní ààlà méjì dípò ẹyọ kan. Ká ní fólítì gbọ́dọ̀ ré 1.6 kọjá kó tó gbà pé nǹkan gòkè, ó sì gbọ́dọ̀ já wá sí ìsàlẹ̀ 0.8 kó tó gbà pé ó wálẹ̀. Ariwo tó bá ń gbọ̀n láàárín méjèèjì kò rí nǹkan kan ṣe. Schmitt trigger ni wọ́n ń pè é kárí ayé, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ ipò nǹkan lónìí.

Fún sẹ́ńsọ̀ kráńkì oníwáyà méjì, ààlà tó dúró sójú kan ò tó, torí ohùn tó ń pọ̀ tó ń dín kù tí mo sọ lókè. Sákíìtì tó dára máa ń rántí bí eyín tó kọjá ṣe ga tó, á sì mú ìdá kan nínú gíga yẹn ṣe ààlà fún eyín tó ń bọ̀. Bí eyín tó kọjá bá ga tó fólítì 15, tí ààlà sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ariwo fólítì 2 tàbí 3 kò lè tàn án jẹ. Bí fólítì bá ré ààlà kọjá, sákíìtì ti múra sílẹ̀ nìyẹn, á wá máa dúró de òdo. Bí òdo bá kọjá, á fi àmì kan ránṣẹ́, á sì di etí sí gbogbo òdo míì títí fólítì á fi tún ré ààlà kọjá. Nítorí náà, ààlà ló ń sọ pé eyín ni èyí lóòótọ́, òdo ló ń sọ ìgbà tó kọjá gan-an. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń rọlẹ̀, ààlà náà á máa rọra wálẹ̀, kó lè tún gbọ́ ohùn kékeré nígbà tí sítátà bá tún yí i. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń ṣàlàyé ibí yìí fún ọmọṣẹ́ tuntun. Ẹ̀rọ tó mọ ìgbà tó yẹ kó gbọ́ àti ìgbà tó yẹ kó di etí!

Ẹ ó rí i níbẹ̀ pé ìgbà ṣíṣíná ni ó rọrùn jù láti tan sákíìtì náà jẹ. Ààlà wà nísàlẹ̀, sítátà sì ń fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì tó ti rẹ̀ á jẹ́ kí kráńkì máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ohùn sẹ́ńsọ̀ á sì tún kéré sí i. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ lórí èyí, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì àti ẹnu wáyà rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wò.

Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ náà ń fi àkókò ṣe ẹ̀rí. Ní ìyíká 6000 ní ìṣẹ́jú kan, eyín kan sí èkejì jẹ́ nǹkan bíi máíkírósẹ́kọ́ńdì 167 (máíkírósẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì). Kráńkì wúwo, kò lè ṣàdédé yára ní ìlọ́po mẹ́jọ láàárín eyín kan sí èkejì. Àmì tó bá dé ní máíkírósẹ́kọ́ńdì 20 lẹ́yìn èyí tó ṣáájú, irọ́ ni, kọ̀ǹpútà á jù ú nù. Ṣùgbọ́n ibi eyín 2 tí wọ́n yọ kúrò ni ariwo ti ń rí àyè. Níbẹ̀, àmì kankan ò bọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kọ̀ǹpútà sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ dúró pẹ́. Àmì irọ́ kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú àlàfo yẹn ti dí i, ìbẹ̀rẹ̀ ìyíká á sọnù mọ́ kọ̀ǹpútà lójú. Ìgbà yẹn ni abẹ́rẹ́ á fò, tí ọkọ̀ á ta gìrì, tí síkánà á sọ P0336. Gẹ́lẹ́ ohun tí ẹni tó kọ̀wé sí yín ń ṣàpèjúwe.

Ọ̀nà wo wá ni ariwo fi ń borí gbogbo ètò yìí? Lọ́pọ̀ ìgbà, àwa oníṣẹ́ la ṣí i sílẹ̀ fún un.

Wáyà á já lẹ́nu ṣọ́kẹ́ẹ̀tì, oníṣẹ́ á fi wáyà méjì gbọọrọ tó na tààrà rọ́pò èyí tí wọ́n lọ́ mọ́ra, á fi téèpù dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ wáyà kọ́ìlì kó lè ṣù pọ̀ dáadáa. Ó rẹwà lójú. Lójú sákíìtì, ó ti di eríàlì. Tàbí kó gé fọ́ìlì tó bo wáyà náà dànù nítorí pé ó ń dí i lọ́wọ́. Tàbí kó so fọ́ìlì náà mọ́ bọ́dì ọkọ̀ ní orí àti ní ìdí, tí iná bọ́dì yóò fi máa gba inú fọ́ìlì náà ṣàn kọjá lára wáyà tó yẹ kó dáàbò bò. Irú fọ́ìlì yìí, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n sábà ń so ó mọ́, ẹ̀gbẹ́ kejì á wà láìso.

Èyí tó burú jù lójú mi ni kí oníṣẹ́ pààrọ̀ ipò wáyà méjèèjì nígbà tó ń tún ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe. Mítà ò ní sọ ọ́ rárá. Bí kọ́ìlì náà bá jẹ́ óòmù 900 (óòmù ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó), óòmù 900 náà ló máa kà bí ẹ bá yí i padà. Ọkọ̀ náà lè ṣíná. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, òdo tí kọ̀ǹpútà ń mú ti kúrò ní àárín eyín, ó ti bọ́ sí àárín àlàfo eyín méjì. Ìdajì dìgírì 6 ni dìgírì 3, ìyẹn ni ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà á máa fi ṣi ipò kráńkì mọ̀. Ní ibi eyín tí wọ́n yọ kúrò, ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wáyà bá wà ní ipò rẹ̀, òdo tó ṣáájú àlàfo àti èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ òdo tó já gọ́ńgọ́, fólítì ń gba ibẹ̀ kọjá kíákíá, ariwo kékeré kò lè sún un. Bí wáyà bá ti yí padà, òdo á bọ́ sí àárín ibi tó ṣófo, níbi tí fólítì ti ń rọra rìn nítòsí òdo fún ìgbà pípẹ́. Níbẹ̀, ariwo díẹ̀ ti tó láti sún àmì síwájú tàbí sẹ́yìn. Ẹ wá ra sẹ́ńsọ̀ tuntun sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó máa yí padà.

Ó kù èyí tí mo bẹ̀ yín kẹ́ ẹ bá mi kọ̀ gbangba: kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó kàpásítọ̀ mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀ méjèèjì kí ariwo lè lọ sílẹ̀. Ariwo á lọ sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kàpásítọ̀ ò mọ ariwo yàtọ̀ sí eyín. Ohunkóhun tó bá ń yára ló ń mú rọ, ó sì ń dá a dúró. Ní ìyíká 6000, kráńkì ń rin dìgírì 36 nínú mílísẹ́kọ́ńdì kan. Ìdádúró máíkírósẹ́kọ́ńdì 50 péré ti jẹ́ dìgírì 1.8. Púlọ́ọ̀gì á máa pẹ́ tan, ẹ́ńjìnnì á máa gbóná, agbára rẹ̀ á dín kù, oníṣẹ́ á tún wá máa wá ẹjọ́ sí ọrùn epo. Bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá tan ọkọ̀ náà sílẹ̀ láìsáré, ìdádúró kan náà yẹn kéré débi pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà àbùjá yìí fi ń wu àwọn oníṣẹ́: á dà bíi pé ó yanjú níwájú oníbàárà, wàhálà á bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Sẹ́ńsọ̀ oníwáyà mẹ́ta tó ń lo ohun tí Edwin Hall ṣàwárí ní 1879, pé òòfà lè mú fólítì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò ní ìṣòro fólítì tó ń ga pẹ̀lú eré, sákíìtì aláàlà méjì sì ti wà nínú rẹ̀. Ariwo tirẹ̀ sábà máa ń gba ojú iná tí wọ́n fún un tàbí wáyà bọ́dì rẹ̀ wọlé. Ibẹ̀ ni kí wọ́n wò.

Ẹni tó kọ̀wé sí yín yẹn, bó bá ń ka èyí, kó bi oníṣẹ́ rẹ̀ pé kí ni wọ́n ṣe sí ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ṣé wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì ni? Ọ̀pọ̀ púlọ́ọ̀gì ní rẹsísítọ̀, ohun tó ń dènà iná, tó tó bíi óòmù 5,000 nínú, nítorí ariwo yìí gan-an ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi èyí tí kò ní in rọ́pò rẹ̀, ariwo á pọ̀ sí i. Ṣé wọ́n tún ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣe ni? Ṣé wọ́n gbé wáyà kọjá ibòmíì? Kí wọ́n yọ sẹ́ńsọ̀ náà, kí wọ́n wo ẹnu rẹ̀: òòfà ni, ó máa ń kó lẹ́búlẹ́bú irin jọ, ìyẹn nìkan lè da ohùn rẹ̀ rú, aṣọ lásán ni wọ́n sì máa fi nù ún. Kí wọ́n yọ wáyà rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kọ́ìlì. Bí méjèèjì bá gbọ́dọ̀ pàdé, kí wọ́n dábùú ara wọn, kí wọ́n má rìn pọ̀. Èyí tí wọ́n bá pààrọ̀, kí wọ́n lọ́ ọ mọ́ra títí dé ẹnu ṣọ́kẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kí wọ́n gbé oscilloscope sí i, ẹ̀rọ tó ń ya bí fólítì ṣe ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ sójú gíláàsì. Kí wọ́n wò ó nígbà tí sítátà ń yí i, kí wọ́n tún wò ó ní eré tí abẹ́rẹ́ fi ń fò. Bí eyín bá dúró dáadáa tí gọ́ńgọ́ tín-ín-rín kan sì ń yọ láàárín wọn ní gbogbo ìgbà tí púlọ́ọ̀gì bá tàn, sẹ́ńsọ̀ ò jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ pé eyín fúnra wọn ló ń kéré tàbí tó ń pòórá bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, ẹni tó dá a lóhùn gba ẹ̀yẹ, kó ra tuntun.

Olóòtú wa, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kẹ́ ẹ ya àwòrán fólítì yẹn sí ojú ìwé náà lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú àlàfo eyín 2 tó ṣófo àti òdo tó yẹ kí kọ̀ǹpútà mú, kí àwọn ọmọṣẹ́ lè gé e lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Bí ẹ bá fẹ́, màá ya á fún yín.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tó ń ka ìwé yín déédéé